Èsì: Kí ló dé tí amoxicillin tún wà nínú Augmentin?

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n, ara ọmọ á yá. Ẹ ní amoxicillin, òògùn apakòkòrò, ò ràn án, dókítà wá kọ Augmentin, ẹ sì tún bá amoxicillin nínú rẹ̀. Wọn ò tàn yín jẹ o. Kòkòrò àìfojúrí tó ń dá ọmọ láàmú ló ń tú ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń gé nǹkan, jáde; òun ló ń já òrùka inú amoxicillin, ìyẹn apá tí òògùn náà fi ń ṣiṣẹ́. Clavulanic acid tí wọ́n fi kún un ló ń há ẹ́ńsáìmù ọ̀hún lẹ́nu, bí eegun ṣe ń há ajá lọ́fun.

Níbi iṣẹ́ wa n'Ífẹ̀ níbí, a máa ń kán nitrocefin, èròjà tí a fi ń dá ẹ́ńsáìmù yìí mọ̀, sí kòkòrò náà: bí ẹ́ńsáìmù bá já a, àwọ̀ ìyeyè á di pupa níṣojú ẹni. Tó bá dúró ní ìyeyè lẹ́yìn tí a fi clavulanic acid sí i, inú mi a dùn gan-an. Àmọ́ àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń lo zinc, bíi èyí tí wọ́n ń pè ní NDM-1, ò ka clavulanic acid sí rárá. Àwọn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.