Káàdì àjẹsára tó dúró sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Ìparí oṣù kìíní ọdún 2020 ni mo bí ọmọ mi. Ó gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí àti ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí kónílé-ó-gbélé tó dé. Láti ìgbà náà ni ojú ti ń tì mí láti padà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìbàdàn gba ti ọmọ tirẹ̀ pé. Ṣé kò ti pẹ́ jù báyìí, àbí wọn yóò tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀? Ìyá Àyọ̀, Mushin.

Ìdáhùn: Ìyá Àyọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kò pẹ́ jù, wọn kò sì ní tún un bẹ̀rẹ̀, nítorí èyí tó ti wọ ara ọmọ kì í parẹ́ bí ọjọ́ bá gùn láàárín; ibi tó dúró sí ni wọn yóò ti máa bá a lọ.

Èkó, Ògùn àti Àbújá ni ìjọba àpapọ̀ tì pa láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2020; Ọ̀yọ́ kò sí lára wọn. Òfin náà kò ti ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n mọ́tò kò sí, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ìyá láti gbé ọmọ ọwọ́ dé ibi tí àwọn aláìsàn wà, pàápàá níhìn-ín tí ilé ìtọ́jú àwọn tó ní kọ́rónà ní Yàbá kò jìnnà sí wa.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìyá kì í sábà mọ̀. Ọmọ mẹ́wàá ni ìgò abẹ́rẹ́ èèyi kan wà fún, bí a bá sì ti fi omi rẹ̀ pò ó, a kò gbọdọ̀ lò ó kọjá wákàtí mẹ́fà; dídà nù ni ìyókù. Lórí bẹ́ǹṣì wa, níbi tí àwọn ìyá ti máa ń há mọ́ra wọn, ìyá méjì péré ló jókòó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, pẹ̀lú ìbòmú. A ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ìgò má baà ṣòfò. Ọ̀kan nínú wọn kò padà wá. Ó ṣì ń dùn mí dòní, nítorí ó yẹ kí a ṣí ìgò yẹn fún ọmọ méjì náà.

Bákan náà ló rí káàkiri ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi kan fara gbá a ju ibòmíràn lọ. Ní Íńdíà, ọmọ 91 nínú 100 ló gba abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta tó ń dènà difitéríà, àìsàn ọ̀nà ọ̀fun tó lè dí ọmọ léèémí, ní 2019. Ó já sí 85 ní 2020. Ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó àjẹsára lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè dín kù, wọ́n sì dá fífún ọmọ ní àjẹsára láti ilé dé ilé dúró fún ìgbà díẹ̀. Lágbàáyé, mílíọ̀nù 23 ọmọ ni kò gba abẹ́rẹ́ wọn pé lọ́dún 2020, ó sì di mílíọ̀nù 25 ní 2021. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni difitéríà máa ń bá wọlé. Ní oṣù kìíní 2023, NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, kéde pé ó ti bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò àti ní Èkó wa níbí.

Nítorí náà, ẹ mú káàdì náà lọ sí ibùdó ìlera ìjọba tó bá súnmọ́ yín. Wọn kì í gba owó. Ti èèyi ṣì ṣe é gbà fún ọmọ tó ti dàgbà. Èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ ọwọ́ nítorí ìgbẹ́ gbuuru ti kọjá lórí tirẹ̀, oríṣi tí wọn yóò sì fún un fún difitéríà lè yàtọ̀ nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni yóò wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Bí nọ́ọ̀sì bá bá yín wí nítorí ọdún tó ti kọjá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á, kí ẹ má ṣe dìde lórí bẹ́ǹṣì títí wọn yóò fi kọ ọjọ́ tuntun sórí káàdì Àyọ̀.