Ẹ má gbẹ́ ṣáláńgá yẹn sínú àpáta, ẹ kọ́ ọ sókè

Ẹ̀gbọ́n mi tó ra ilẹ̀ sábẹ́ òkè ní Ṣábẹ̀ lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ẹ ní bíríkìlà sọ pé mítà kan àbọ̀ ti tó fún ihò ṣáláńgá torí àpáta ti dé, àti pé kí kànga wà nísàlẹ̀ ọgbà torí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti rọ̀, ẹ wá ń bèèrè bóyá ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó dúró ná. Bí àwa náà ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn, àwọn ọmọ mi ló sì jìyà ẹ̀.

Ọdún 2013 la kó dé abẹ́ òkè, èmi, bàálé mi, ọmọ mẹ́rin àti ìyá ọkọ mi. Ẹni tó bá mọ Ṣábẹ̀ mọ àwọn àpáta ńlá yẹn tí àwọn Faransé ń pè ní Mamelles de Savè, àpáta ò mọ sókè nìkan, ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ìlú náà, o lè gbẹ́ ilẹ̀ níbì kan kó rọ̀ bí iyẹ̀pẹ̀ oko, tó o bá sún síwájú díẹ̀ dígà á ta padà kan ẹ́ lọ́wọ́. Àwọn tó gbẹ́ ṣáláńgá wa ò lè kọjá mítà kan àbọ̀, wọ́n ní ó ti tó. Kànga wa wà nísàlẹ̀, ó tó ogún ìṣísẹ̀ sí i, omi ẹ̀ mọ́ lójú, ó tutù, ó dùn, inú mi dùn débi pé mò ń fún àwọn aládùúgbò.

Òjò àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Mo ní máńgòrò ni. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ó dáwọ́ dúró, mo bá gbàgbé. Òjò ọdún kejì tún dé, ó tún bẹ̀rẹ̀, àbíkẹ́yìn mi gbẹ títí ojú ẹ̀ fi wọnú, a gbé e lọ fa omi sí i lára ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ìgbà yẹn ni òṣìṣẹ́ ìlera kan wá wo ilé wa, ó bu omi kànga sínú ìgò kékeré kan tí òògùn ti wà nínú ẹ̀, ó ní ká gbé e síbi tó móoru títí di ọjọ́ kejì, tó bá dúdú a jẹ́ pé ìgbẹ́ ti wọ omi náà. Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Omi tí mo ń fún àwọn aládùúgbò nìyẹn o. Mo lọ láti ilé dé ilé láti sọ fún wọn, ojú tì mí gan-an.

Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún wa ni pé iyẹ̀pẹ̀ máa ń sẹ́ ìdọ̀tí, omi á máa rìn jẹ́jẹ́ nínú ẹ̀, àwọn kòkòrò àrùn á kú sójú ọ̀nà. Àpáta ò ní nǹkan tó fi ń sẹ́ e, omi kì í gba inú ẹ̀, ojú ibi tó ti sán ló ń gbà, tí òjò bá sì ti kún inú ihò ṣáláńgá, ó máa sáré gba ojú sísán yẹn lọ bí ẹni gba inú páìpù. Mítà 30 ni wọ́n sọ pé kó wà láàárín ṣáláńgá àti kànga, kí ìdí ihò sì fi mítà kan àbọ̀ ga ju omi ilẹ̀ lọ, àmọ́ níbi tí àpáta bá ti sán, wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kó jìnnà ju ìyẹn lọ. Ilẹ̀ tiwa lódindi ò gùn tó mítà 30! Ẹ wo tiyín náà dáadáa.

Ohun tá a ṣe ni pé a dí ihò yẹn, a kọ́ ṣáláńgá tuntun sórí ilẹ̀, kò wọ ilẹ̀ rárá. Yàrá kékeré méjì la fi bíríkì kọ́, a rẹ́ inú àti ìdí wọn ní sìmẹ́ńtì kí nǹkan kan má jò, a da pèpéle lé e, a ṣe àtẹ̀gùn mẹ́rin. Ojú ihò ìgbẹ́ lọ́tọ̀, ti ìtọ̀ lọ́tọ̀, ìtọ̀ ń gba páìpù lọ sínú bídọ́ọ̀nù, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì, níta. Ẹni tó bá ṣu tán á bu eérú lé e. Ẹ̀kọ àti àkàrà ni mò ń tà, igi ni mo fi ń dáná, eérú tí mo máa ń dà nù tẹ́lẹ̀ ló wá di nǹkan tí mò ń tọ́jú sínú garawa. Tí yàrá àkọ́kọ́ bá kún a ó dí i pa, a ó bọ́ sí ìkejì, a ò ní ṣí ti àkọ́kọ́ kó tó pé ọdún kan ó kéré tán. Ìgbà tá a kọ́kọ́ ṣí i, ẹ̀rù bà mí, àṣé ó ti di iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, kò rùn, bàálé mi kó o lọ sídìí àgbàdo.

Ṣùgbọ́n kò rọrùn níbẹ̀rẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ìyá ọkọ mi, búùtà ni wọ́n fi ń ṣan ìdí, musulumi ni wọ́n, omi yẹn ń dà sínú yàrá ìgbẹ́, láàárín oṣù kan ó ti rin, ìdin kún un, òórùn ẹ̀ dé ojú títì. Èmi náà ń bínú sí wọn nínú, ohun tí kò dáa ni, torí ẹni tó kọ́ ọ ni ò rántí bèèrè bí àwọn ará ilé ṣe ń ṣe ìmọ́tótó. Níkẹyìn a ṣe ojú kan sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle fún búùtà, omi ẹ̀ ń lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àtìgbà yẹn, gbígbẹ ló ń gbẹ. Tí ẹni tó ń lo omi bá wà nílé yín, ẹ ṣe ojú yẹn látìbẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró di ìgbà tó bá rùn.

Ọ̀rọ̀ omi mímu wá kù. Páìpù omi ìlú ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbe omi òjò látorí páànù. Ìṣirò ẹ̀ ò le: tí òjò bá rọ̀ ní mìlímítà kan, orí páànù tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó á fún ẹ ní lítà kan. Páànù ilé wa tó mítà 40 bẹ́ẹ̀, òjò mìlímítà 20 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo jẹ́ lítà 800, ká tiẹ̀ ní díẹ̀ ṣòfò, 600 á wọlé. A kọ́ táńkì sìmẹ́ńtì lítà 5,000. Èèyàn méje la jẹ́, lítà márùn-ún márùn-ún lójúmọ́ fún mímu àti síse nìkan, lítà 35 nìyẹn, ó ń gbé wa fún ọjọ́ 142, ìyẹn ni pé láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ká kàn ṣáà ti ṣọ́ ọ lò díẹ̀. Fífọṣọ àti ìwẹ̀, omi kànga yẹn là ń lò fún un. Ẹ jẹ́ kí òjò fọ orí páànù ná kẹ́ ẹ tó darí ẹ̀ sínú táńkì, torí ìgbẹ́ ẹyẹ àti eruku ọyẹ́ ló wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ojú táńkì kí ẹ̀fọn má yé sí i. Èyí tá a fẹ́ mu, tí mi ò bá ráyè sè é, mo máa ń rọ ọ́ sínú ìgò oníke tó mọ́ gaara, mo máa tò ó sórí páànù nínú oòrùn fún wákàtí mẹ́fà, tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run ọjọ́ méjì ni mo ń fi í síbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ pàǹtírí náà. Àwa tá a wà lókè, ohun tá a bá jù sójú àgbàrá, ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń lọ. Òfin ti wà láti ọdún 2017 ní Bẹ̀nẹ̀ tó ní kí ẹnikẹ́ni má lo làílọ́ọ̀nù tí kì í jẹrà mọ́, síbẹ̀ mo ṣì ń rí i nínú àgbàrá wa, òun ló ń dí abẹ́ afárá kékeré tá à ń gbà kọjá, omi á wá yà wọ ilé obìnrin kan tó ń gbìn ẹ̀fọ́ nísàlẹ̀. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í jọ kó o kí òjò tó dé, èèpo iṣu fún ewúrẹ́, ìyókù sínú kòtò tó ń jẹrà, làílọ́ọ̀nù nìkan là ń dì sínú àpò fún àwọn tó ń fi ọmọlanke kó ilẹ̀.

Ti bíríkìlà yín, ẹ má bá a jà. Ẹ bi í bóyá ó lè kọ́ yàrá méjì sórí ilẹ̀, bíríkì kan náà ni, sìmẹ́ńtì kan náà ni, owó tó fẹ́ gbà lórí fífọ́ àpáta ni kó fi ṣe àtẹ̀gùn. Tí ihò tó gbẹ́ bá ti wà nílẹ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni lò ó rárá. Tí òjò bá sì rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ dúró sórí ilẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ wo ibi tí àgbàrá ń gbà, kẹ́ ẹ padà wá sọ fún mi, màá bá yín wo ibi tí kànga lè wà.