Èsì: Ṣé èrè ṣì wà nínú jukebox?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá èrè ṣì wà nínú gbígbé jukebox, ẹ̀rọ tó ń kọ orin tí èèyàn bá yàn lẹ́yìn tó bá ti sọ ẹyọ owó sí i, sí ilé ọtí l'Amẹ́ríkà. Ó wà, àmọ́ ibi tí ẹ bá gbé e sí ló ń pa owó. Níbi tí tẹlifíṣọ̀n ti ń pariwo bọ́ọ̀lù, ta ló fẹ́ sanwó orin? Ẹ̀yin àti onílé ọtí lẹ máa pín owó inú rẹ̀, ọgbọọgba ló wọ́pọ̀. Ẹ jọ kà á lójú ara yín. Owó àṣẹ orin, ìyẹn owó tí à ń san fún àwọn tó ni orin, náà ń bẹ o: òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (copyright) Amẹ́ríkà ti ọdún 1976 ló fòpin sí ọ̀fẹ́ tí jukebox ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹyọ owó tó tẹ̀ sì máa ń há sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, alẹ́ Sátidé gan-an ló máa ń yàn. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú u kí ẹ tó rà á.