Fóltéèjì awọ àkèré tó ń wálẹ̀: tú síkúrù yẹn ná

Àbúrò, o ní fóltéèjì (agbára iná mànàmáná láàárín ojú méjèèjì) awọ àkèré tó o fi síkúrù dè sáàárín ike méjì máa ń já kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, o wá ń bèèrè bóyá kó o da Ringer rẹ, omi oníyọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ, nù. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí légbò. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń po Ringer tuntun, torí ọ̀gá mi ní omi ni. Kò bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Síkúrù ni mo ń dè le jù.

Bí ike méjèèjì bá fún awọ pọ̀, etí rẹ̀ á fọ́. Iyọ̀ á wá máa gba àárín sẹ́ẹ̀lì lọ bó ṣe wù ú, fóltéèjì tí awọ ń kó jọ á sì máa jò dànù. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yé mi, mo tú awọ náà, mo gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀: òrùka funfun kan yí etí rẹ̀ ká, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fi gírísì sílíkónì pa etí ike, mo dẹ síkúrù, ó tán. Oṣù mẹ́ta!

Ìyókù rọrùn: gé awọ, so elekitíróòdù (wáyà tó ń wọn fóltéèjì), o mọ ìyẹn.

Àwọn olùwádìí méjì, Ussing àti Zerahn, ti fi hàn ní 1951 pé, bí Ringer kan náà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí o fi iná mànàmáná ta ko fóltéèjì awọ títí ó fi di òdo, iná tó ń kọjá bá sódíọ̀mù tí awọ ń gbé wọlé mu. Wọn iná yẹn. Bí fóltéèjì bá wálẹ̀ tí iná ò fi bẹ́ẹ̀ dín kù, jíjò ni. Bí méjèèjì bá jọ ń lọ, àárẹ̀ ti mú awọ fúnra rẹ̀.

Má sì da amiloride, oògùn tó ń dí ọ̀nà sódíọ̀mù, sápá inú awọ bíi tèmi. Mo kọ odindi ìròyìn pé awọ mi ò gbọ́ oògùn, àwọn tó ń pera wọn lọ́jọ̀gbọ́n rín mi fín, kò sẹ́ni tó sọ ìdí ẹ̀. Ọ̀nà tí sódíọ̀mù ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì lójú ìta, ìyẹn ojú tó ní àwọ̀ tá à ń rí lára àkèré, ni amiloride ń dí. Ouabain, oògùn tó ń dá ẹ̀rọ sẹ́ẹ̀lì dúró, ló ń lọ sápá inú, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń ti sódíọ̀mù 3 jáde nínú sẹ́ẹ̀lì, tó ń gba pòtásíọ̀mù 2 wọlé, wà.

Ẹ̀n-ẹ́n, Ringer tó o bèèrè: ti àkèré ni kó o lò, iyọ̀ rẹ̀ kò tó ti ẹranko afọ́mọlọ́mú. Kó o sì wo ẹnu ọ̀pá agar (ọ̀pá tí jẹ́lì oníyọ̀ kún inú rẹ̀, tó so elekitíróòdù mọ́ Ringer) dáadáa, ìhó afẹ́fẹ́ kékeré kan lè há síbẹ̀.