Ohun Tí Wọn Kò Ní Sọ fún Ọ ní Nagoya

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní ilé iṣẹ́ yín ní Birmingham fẹ́ rán ọ lọ sí Nagoya fún ọdún méjì, ìwọ, ìyàwó rẹ àti ọmọ yín ọlọ́dún méje, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbé ayé Japan tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Òyìnbó tó ti mọ́ yín lára, níwọ̀n ìgbà tí iná kì í lọ ní ibi méjèèjì, tí ọ̀nà sì dára. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé Leeds kí iṣẹ́ tó gbé mi lọ sí Nagoya ní 2014, ọdún márùn-ún gbáko ni mo sì lò níbẹ̀. Ìyàtọ̀ wà, ó pọ̀, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n máa ń kà fúnni lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló fìyà jẹ mí.

Èyí tí wọ́n máa ń kà yẹn, ọ̀sẹ̀ kan ti tó láti kọ́ ọ. Wàá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wàá sì tún bá sílípáàsì ọ̀tọ̀ tó jẹ́ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan. Tí o bá ní kí ẹni tó gbé oúnjẹ fún ọ máa mú ṣéńjì lọ, yóò sáré tẹ̀ lé ọ dé ojú títì láti dá a padà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú rélùwéè. Ìyẹn nira díẹ̀ fún àwa tí ohùn wa máa ń ròkè, àmọ́ yóò mọ́ ọ lára. Má fi igi ìjẹun gún ìrẹsì lóòró, má sì fi tìrẹ gba oúnjẹ lórí ti ẹlòmíràn, torí bí wọ́n ṣe ń ṣa eegun òkú lẹ́yìn tí wọ́n bá sun ún nìyẹn. O kò ní rí garawa ìdalẹ̀ púpọ̀ lójú títì: lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹ́sìn Aum Shinrikyo tú afẹ́fẹ́ olóró sarin sílẹ̀ nínú rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ Tokyo ní oṣù Kẹta 1995, wọ́n kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ kúrò ní gbangba, oníkálukú sì ń gbé pàǹtí rẹ̀ sínú báàgì délé. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wa ọkọ̀ gbà, bíi ti Birmingham. Ó parí.

Ohun tó fìyà jẹ mí ni pé mo ń ṣàṣìṣe, kò sì sẹ́ni tó la ẹnu sọ ọ́ fún mi. Jẹ́ kí n sọ méjì fún ọ.

Ní Leeds, alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí káńsù máa wá kó pàǹtí la máa ń ti garawa síta. Tí o bá da ohun tí kò yẹ sí i, aládùúgbò tí inú ń bí á kan ilẹ̀kùn rẹ tàbí kó kọ̀wé há a fún ọ. Nagoya kì í fi ọ̀rọ̀ pàǹtí ṣeré, ó sì nídìí. Ibi tí wọ́n ń kó o dà sí ti ń kún lọ ní àwọn ọdún 1990, ìjọba ìlú wá fẹ́ fi pàǹtí dí etí òkun kan tó ń jẹ́ Fujimae, níbi tí àwọn ẹyẹ tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ti máa ń bà láti jẹun. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà. Ní oṣù Kìíní 1999 wọ́n fi ètò náà sílẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kejì, ìjọba ìlú kéde pé ọ̀rọ̀ pàǹtí ti di pàjáwìrì. Láti ìgbà náà ni ilé kọ̀ọ̀kan ti ń ṣa tirẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èyí tí wọn á sun, èyí tí kò ṣeé sun, ọ̀rá àti ike tí wọ́n fi di ọjà, ike omi tí a ti bọ́ ìdérí àti bébà ara rẹ̀, tí a sì ti fi omi ṣàn. Inú ọ̀rá tí ìjọba ìlú fọwọ́ sí ni wọ́n ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ sí, ọjọ́ tirẹ̀ sì ni wọ́n ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde, láàárọ̀, kí aago mẹ́jọ tó lù.

Èmi ń gbé tèmi jáde lálẹ́, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀rá tèmi nìkan ni wọ́n máa fi sílẹ̀, pẹ̀lú bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tí n kò lè kà. Tí mo bá fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Mo gbà pé ọkọ̀ mìíràn ló wá kó o.

Màmá àgbà kan ń gbé ìsàlẹ̀ mi. Tí a bá pàdé láàárọ̀, á tẹríba, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á kí mi. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Iṣẹ́ yín mà pọ̀ o, ẹ kì í ráyè sinmi." Mo dúpẹ́ pé ó ń bá mi ro ti làálàá mi. Lọ́jọ́ mìíràn ó mú kàlẹ́ńdà ìkópàǹtí kan wá, ó ní méjì ni ọwọ́ òun tẹ̀, pé bóyá mo lè rí ọ̀kan lò. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo yíkàá díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, mo lọ fi kọ́ sí kíṣìnnì, n kò sì wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí ojú mi tó là. Mo ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ náà, mo sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀. Màmá yẹn ni mo rí lẹ́yìn ilé, ó lóṣòó sídìí ẹ̀rọ omi, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó tú ọ̀rá pàǹtí mi sílẹ̀, ó ń ṣan agolo tòmátò mi. Ọ̀rá gàrí tí ọ̀rẹ́ mi fi ránṣẹ́ láti Leeds, èyí tí wọ́n kọ "Ìjẹ̀bú" gàdàgbà sí lára, ó ti fọ̀ ọ́, ó sá a sórí ògiri kó lè gbẹ. Oṣù mẹ́ta ni obìnrin tó lè bí ìyá mi fi ń fọ pàǹtí mi.

Mo kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Ẹ̀rù bà á, òun náà kúnlẹ̀, ó ń sọ "sumimasen, sumimasen"; òun ló tún ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú pé òun fọwọ́ kan ẹrù mi.

Nínú rélùwéè, mo ṣírò gbogbo ohun tó ti bá mi sọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó pọ̀ yẹn, ìbéèrè ni: kí ló dé tí ọmọ yìí kò ráyè ṣa pàǹtí rẹ̀? Kàlẹ́ńdà yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Màmá ti sọ àbọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì dé inú mi di odindi. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n fi irú etí bẹ́ẹ̀ tọ́ mi. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún mi nílé onílé, ìyá mi á kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan, mo mọ̀ pé kí n ní mo ti yó. Mo gbé etí yẹn sọnù sí Leeds.

Má ṣì mí gbọ́ o: àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ẹni tó ní kí o wá jẹun nílé òun lọ́jọ́ kan lè má ní ọjọ́ kankan lọ́kàn. Ṣùgbọ́n tó bá di ti iṣẹ́, Leeds kọ́ mi pé ẹni tó rí àṣìṣe tó dákẹ́ ni wọ́n ń bá wí. Àwọn ará Jámánì tí mo bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tilẹ̀ máa ń sọ tiwọn kí o tó jókòó tán. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo gbé lọ sí ọ́fíìsì ní Nagoya.

Mo ti lò tó oṣù márùn-ún nígbà tí olórí ẹ̀ka wa, ẹni tí wọ́n ń pè ní kacho, ń ka ètò tuntun kan fún wa nínú ìpàdé. Mo rí i pé iye tó wà lójú ìwé kẹta kò bá ti ojú ìwé karùn-ún mu. Mo nawọ́, mo sọ ọ́. Òtítọ́ ni mo sì sọ. Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Kacho fa èémí gba àárín eyín, "sss", bí ẹni tí ẹ̀kọ gbígbóná jó lẹ́nu, ó ní "So desu ne", ìyẹn "bẹ́ẹ̀ ni o", lẹ́yìn náà ó ní àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò. Mo jáde pẹ̀lú ayọ̀ pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ó di mẹ́rin, n kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ṣì ń kí mi, ẹ̀rín wọn kò yí padà, àmọ́ iṣẹ́ tó ń kan ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, a lọ síbi àríyá ìparí ọdún tí wọ́n ń pè ní bonenkai. Ọ̀gbẹ́ni kan tó fi ọdún mẹ́wàá ṣáájú mi débi iṣẹ́ bu bíà sí ife mi, ó wo inú ife tirẹ̀ títí, ó wá bi mí bóyá mo ti rí i rí bí àwọn olùtọ́jú ọgbà ṣe ń hú igi ńlá láti lọ gbìn ín síbòmíràn. Mo ní rárá. Ó ní wọn kì í kàn fà á tu. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nemawashi ni ọ̀rọ̀ náà: kí a walẹ̀ yí gbòǹgbò igi ká díẹ̀díẹ̀ kí a tó hú u. Ní ọ́fíìsì, ó túmọ̀ sí pé kí o ti lọ bá oníkálukú ní ìjókòó rẹ̀ kí ìpàdé tó dé. Nígbà tí wọ́n bá fi máa pé jọ, ohun tí wọ́n ti forí korí lé lórí ni wọ́n kàn ń fọwọ́ sí. Èmi wá fi àṣìṣe ọ̀gá hàn án lójú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bàbá mi ṣe olórí ẹbí, mo sì rí i: tí ìpàdé ẹbí bá ku ọ̀sẹ̀ kan, á ti máa gun kẹ̀kẹ́ kiri ilé àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa dìde láàárín agbo kó ní àgbà ṣìrò? Mo mọ èyí kí n tó mọ̀wé kà.

Láti ìgbà náà, tí mo bá rí àṣìṣe, mo máa ń dúró di ìrọ̀lẹ́ tí èrò bá ti dín, màá lọ bá kacho nídìí tábìlì rẹ̀, màá ní kó jọ̀ọ́ ṣàlàyé ibì kan tí kò yé mi. Òun fúnra rẹ̀ á rí i, á tún un ṣe. Iṣẹ́ padà sọ́wọ́ mi. N kò ní purọ́ fún ọ, mo ṣì gbà pé Leeds sàn ju ibẹ̀ lọ ní ọ̀nà kan: ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jáde lónìí lè pẹ́ tó oṣù kan ní Nagoya, ọmọ tuntun tó rí ewu kò sì ní tètè sọ ọ́. Ìyẹn dùn mí títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, fetí sílẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní "chotto", ìyẹn "díẹ̀", tó wá dákẹ́, rárá ló sọ. Tó bá ní nǹkan náà le díẹ̀, rárá ni. Tó bá fa èémí gba àárín eyín, má bi í léèrè mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ohun kan wà tí yóò tù yín lára. Ní Leeds, n kò rí bí mo ṣe máa kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní Nagoya, "otsukaresama" ni gbogbo wa ń kí ara wa nírọ̀lẹ́, "ẹ kú iṣẹ́" gan-an ni létí mi. Ẹni tó bá wọlé ní ìkíni tirẹ̀, ẹni tó wà nílé náà ní èsì tirẹ̀, bíi ti káàbọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ti àbúrò, ẹni tó bá ṣáájú rẹ débi iṣẹ́ sì ṣáájú rẹ náà nìyẹn. Ìyàwó rẹ tó ń kúnlẹ̀ kíni, yóò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹríba kó tó di ọjọ́ kejì. Ibi kan ṣoṣo tí ẹ ti máa pa ìkíni yín mọ́ ni ṣọ́ọ̀bù: tí wọ́n bá kígbe "irasshaimase" bí ẹ ṣe ń wọlé, wọn kò retí èsì. Mo fi oṣù kan dá wọn lóhùn.

Tí ẹ bá dé, kí ẹ tó tú ẹrù tán, ẹ ra aṣọ ìnuwọ́ kéékèèké tàbí bisikíìtì tí wọ́n dì dáadáa, ẹ lọ fi kí àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti òsì yín, àti àwọn tó wà lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ mú ọmọ dání. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni, màmá ìsàlẹ̀ ì bá rí ẹnu bá mi sọ̀rọ̀.

Ti ilé ìwé ọmọ: oṣù Kẹrin ni ọdún ilé ìwé ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń bu oúnjẹ ọ̀sán fún ara wọn, àwọn ló ń gbá kíláàsì, wọ́n sì ní bàtà ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ nínú ilé ìwé. Ọmọ ọlọ́dún méje ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ láìsí òbí, èyí tí tíṣà Birmingham kò jẹ́ gbà. Ẹ jẹ́ kó lọ. Láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó wọ inú ilé yín ni òfin ní kí ẹ lọ fi àdírẹ́sì yín sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wọ́ọ̀dù. Nagoya ní wọ́ọ̀dù 16, ọjọ́ ìkópàǹtí sì yàtọ̀ láti àdúgbò kan sí èkejì. Sọ èyí tí wọ́n ti gba ilé fún yín, kí n lè bá ọ wo tiyín.