Ihò inú ògiri kíṣìnì ní ilé àtijọ́: ta ló ń sùn níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé àtijọ́ kan la háyà ní Glasgow, ní Scotland. Nínú kíṣìnì wa, ihò ńlá kan wà lára ògiri. Kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé, ó sì gba fóòmù ẹni méjì dáadáa. Aládùúgbò wa ní ibùsùn ni. Màmá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn ní irọ́ ni, pé ibi tí wọ́n ń tẹ́ òkú sí ni, wọn ò sì jẹun nínú kíṣìnì náà mọ́. Ta ló tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì? Ṣé ohun kan náà sì ni pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń gbé dìde wọnú ògiri, tí à ń rí nínú fíìmù àwọn ará Amẹ́ríkà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé tuntun o, bó tilẹ̀ jẹ́ ilé àtijọ́. Aládùúgbò yín ló tọ̀nà, ibùsùn ni. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó torí òkú ṣe ihò yẹn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi yín bóyá òkú ò sùn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ má purọ́ fún wọn.

Láyé Ọbabìnrin Victoria, ilé olókùúta alájà mẹ́ta, mẹ́rin, ni wọ́n kọ́ kún Glasgow fún àwọn òṣìṣẹ́. Ìdílé púpọ̀ ló ń gbé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àtẹ̀gùn kan náà ni gbogbo wọn sì ń gùn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o díẹ̀ a ní yàrá kan àti kíṣìnì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá tó o, yàrá kan ṣoṣo ni tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní single end. Ní 1888, James Burn Russell, dókítà tó ń bójú tó ìlera ìlú náà, ṣàlàyé fún gbogbo ayé pé bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ará Glasgow ló ń gbé ilé oníyàrá kan. Inú yàrá yẹn ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ. Bí ẹnì kan bá sì kú, kò síbòmíràn tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ kó tó di ọjọ́ ìsìnkú. Russell ò fi ọ̀rọ̀ bò: ó ní wọ́n á tẹ́ òkú ọmọ kékeré sórí tábìlì tàbí orí kọ́bọ́ọ̀dù abọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ á sì máa jẹun, wọ́n á máa ṣeré, wọ́n á máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ohun tí Màmá rò kò kúkú jìnnà. Ibi tí wọ́n gbé ẹ̀sùn náà lé nìkan ni kò bọ́ sí i.

Bí wọ́n ṣe ń lo ihò náà rèé. Wọ́n á fi pákó tẹ́ ẹ, wọ́n á gbé e ga sókè kúrò nílẹ̀ débi pé ọmọdé ò lè dá gun orí rẹ̀. Wọ́n á gbé ìbùsùn lé pákó náà, wọ́n á sì ta kọ́tìnì síwájú rẹ̀. Gíga tí wọ́n gbé e ga yẹn kì í ṣe fáàrí o. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń ti bẹ́ẹ̀dì kékeré onítáyà sí lójú ọjọ́. Tó bá di alẹ́, wọ́n á fà á jáde sí àárín kíṣìnì fún àwọn ọmọ, tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tì í padà. Àpótí aṣọ àti ẹrù tí kò ríbi lọ náà, abẹ́ ibẹ̀ ni. Tọkọtaya tó ni ilé ló sábà máa ń sùn lókè, tàwọn ti ọmọ ọwọ́, torí pé ààrò tí wọ́n ń fi èédú dá wà nítòsí, kò sì síbi tó móoru tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Glasgow, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó. Ilé kan wà ní Buccleuch Street tí wọ́n ti sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Obìnrin atẹ̀wé kan tó ń jẹ́ Agnes Toward ló gbé ibẹ̀ láti 1911 títí di 1965, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má pààrọ̀ ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ ó rí bẹ́ẹ̀dì inú ihò nínú kíṣìnì rẹ̀. Kí ẹ sì wo páálọ̀ náà dáadáa: ilẹ̀kùn kan wà lára ògiri tó dà bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù lásán, ẹ ṣí i, bẹ́ẹ̀dì ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn ará Glasgow kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ní Skara Brae, ní erékùṣù Orkney lápá àríwá Scotland, ibùsùn tí wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ tò yí ká bí àpótí ṣì wà lára ògiri ilé tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn. Òtútù ló bí gbogbo rẹ̀. Ilé tí ààrò kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ta ló fẹ́ mú gbogbo rẹ̀ móoru? Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì, mẹ́ta, bá wọnú àpótí kékeré kan, tí wọ́n pa á dé, ooru ara wọn nìkan ti tó wọn.

Ní Brittany, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà. Àpótí onígi ńlá ni tiwọn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe ń ṣí. Àwọn agbẹ́gilére á fín àrà sí i lára, wọ́n á dá ihò sára igi náà kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Síwájú rẹ̀ ni àpótí gígùn kan máa ń wà tí wọ́n ń kó aṣọ sí, òun náà ni bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń jókòó lé lọ́sàn-án, òun sì ni wọ́n ń tẹ̀ gun bẹ́ẹ̀dì lálẹ́. Ilé àgbẹ̀ níbẹ̀, yàrá kan náà ni bàbá àgbà, tọkọtaya, àtàwọn ọmọ jọ ń sùn, àpótí lórí ìlà, ìdílé nínú àpótí. Ẹni tó bá ti gbé yàrá kan ní Mushin rí, tí kọ́tìnì pín bẹ́ẹ̀dì Dádì àti Mọ́mì kúrò lára ibi tí àwọn ọmọ ń sùn, á mọ ohun tí mò ń sọ. Ti àwọn ará Brittany kàn jẹ́ pákó ni, àṣírí tiwọn sì bò díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ará Netherlands náà ní tiwọn nínú ògiri, ó sì kúrú. Wọ́n máa ń sọ pé ìdajì ìjókòó ni wọ́n ń sùn, ẹ̀yìn lórí ìrọ̀rí gíga, nítorí pé òkú nìkan ló ń nà gbalaja. (Màmá á fẹ́ràn ìyẹn.) Èmi ò gbé gbogbo ara lé e, torí ẹni tó ń kọ́ ilé kékeré kò nílò èèwọ̀ kankan kó tó kọ́ bẹ́ẹ̀dì kúkúrú. Àmọ́ ẹ lọ wo ilé onípákó kan ní Zaandam tí Peter, ọba ilẹ̀ Rọ́ṣíà, wọ̀ sí ní 1697 nígbà tó wá kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ọkùnrin náà ga ju mítà méjì lọ. Kọ́bọ́ọ̀dù ara ògiri tí wọ́n ní ó sùn sí ṣì wà níbẹ̀, kò sí bó ṣe lè na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán nínú rẹ̀.

Àwọn dókítà ló bá ilẹ̀kùn àwọn bẹ́ẹ̀dì yìí jà. Ní 1882, Robert Koch kéde ní ìlú Berlin pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa ikọ́ fée. Láti ìgbà yẹn, àpótí tí ẹni tó ń wúkọ́ àti ẹni tí ara rẹ̀ dá jọ ń mí sínú ara wọn láti alẹ́ dòwúrọ̀ kò tún ṣeé gbèjà mọ́.

Ó wá ku ti Amẹ́ríkà. Rárá, kì í ṣe ohun kan náà. Àwọn tí mo ti ń sọ bọ̀ ń fi ẹni tó sùn pamọ́ fún òtútù. Ti Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi pamọ́ fún àlejò. Ìlú ńlá ti kún, yàrá ti kéré, ojú sì ń ti àwọn tó ń gbé ibẹ̀ pé kí àlejò wọlé kó bá bẹ́ẹ̀dì pàdé. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárà. Ní 1866, Charles Hess ní Cincinnati gba páténtì, ìyẹn ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan tuntun, lórí dùùrù tí bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀. Ní 1885, Sarah Goode, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń ta àga àti tábìlì ní Chicago, gba tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń ká di tábìlì ìkọ̀wé, tó ní àwọn àpò tí wọ́n lè kó bébà àti kálàmù sí. Ó wà lára àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún ní páténtì, ó sì yà mí lẹ́nu pé orúkọ rẹ̀ kì í jáde lẹ́nu àwa tí à ń sọ̀rọ̀ ilé.

Ẹni tí orúkọ tirẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì náà lára ni William Murphy ti San Francisco. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé inú yàrá kan ló ń gbé, ó ń fẹ́ ọmọge kan tó ń kọrin ópẹ́rà, kò sì bójú mu láyé ìgbà yẹn kí ọmọlúwàbí obìnrin wọ yàrá ọkùnrin tí bẹ́ẹ̀dì wà. Ó bá mú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù àti ìdè rẹ̀, ó so bẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn, ó nà á dúró sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó pa á dé. Yàrá di páálọ̀. Ó fẹ́ obìnrin náà. Orúkọ rẹ̀ tàn débi pé ní 1989, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní New York dájọ́ pé “Murphy bed” ti di orúkọ gbogbo ayé, ilé iṣẹ́ náà kò lè dá a ní mọ́.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi irú bẹ́ẹ̀dì Murphy bẹ́ẹ̀ sínú ihò tiyín, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù, torí ìjọba ń dáàbò bo àwọn kan nínú ilé wọ̀nyí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yí inú wọn padà láìgba ìwé. Lẹ́yìn náà, ìwúwo bẹ́ẹ̀dì náà pọ̀, sípíríìǹgì rẹ̀ sì lágbára. Tí kò bá so mọ́ ògiri dáadáa, gbogbo rẹ̀ lè wó lu ènìyàn. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ẹfun rẹ́ lórí ni ọ̀pọ̀ ògiri inú ilé àtijọ́ ní Glasgow, kò lè di ìṣó mú. Ẹ pe káfíńtà tó mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, kó kan ògiri náà wò, kó wá ibi tí òkúta tàbí òpó igi wà kó tó lu ihò kankan.