Ṣé Ọ́stríà tiẹ̀ ṣẹ́gun Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé, rí?

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, àmọ́ ìgbà tí wọ́n fìdí rẹmi ló pọ̀ jù. Ní Marengo lọ́dún 1800, ó kù díẹ̀ kí wọ́n borí kí ogun tó yí pa dà mọ́ wọn lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́. Lọ́dún 1805, ọ̀gágun wọn, Mack, túúbá ní Ulm. Nígbà tó di December 2, Faransé tún fẹ̀yìn àwọn àti Rọ́ṣíà balẹ̀ ní Austerlitz.

Ní ti ìṣẹ́gun wọn, Aspern-Essling, nítòsí Vienna, ni kí ẹ rántí, ní May 21 àti 22, 1809. Orí afárá tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi ṣe ni àwọn ọmọ ogun Napoleon ń gbà sọdá odò Danube. Odò kún. Làwọn ará Ọ́stríà bá ń ti ìtì igi, ọkọ̀ tí wọ́n dáná sí, àní ilé ọlọ tó ń léfòó, sínú omi láti òkè odò. Wọ́n ń lọ kọlu afárá náà títí ó fi já. Àwọn Faransé tó ti sọdá kò rí ọta ìbọn tó mọ́, wọ́n sì sá pa dà. Ọta àgbá fọ́ ẹsẹ̀ Lannes, ọ̀gágun Faransé. Wọ́n gé ọ̀kan, síbẹ̀ ó kú ní May 31.

Ó dùn mí pé Archduke Charles, olórí ogun Ọ́stríà, kò lé wọn bá. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Napoleon gbẹ̀san ní Wagram. Leipzig, October 1813, ni Ọ́stríà àtàwọn alájọṣe rẹ̀ tó wá borí rẹ̀ pátápátá.